Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan Ló Gbé Mi Dé Johannesburg

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí sí mi létí ni Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyá mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìbòkun, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an ń bá wa du ibòji. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nílé mọ̀ pé èmi kì í sáré sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n fìdí rẹ̀ kalẹ̀.

Àǹtí kò jókòó sórí àga onítìmùtìmù tí mo gbé fún wọn. Àpótí onígi ni wọ́n ní kí n bá àwọn fà wá, wọ́n sì ká aṣọ lé e kí wọ́n tó jókòó. Mo rò pé eegun ìdí ló ń dùn wọ́n, ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn ara wọn.

"Káyọ̀dé, Mojísọ́lá pè mí láti Johannesburg. Ara rẹ̀ kò yá."

"Kí ló ṣe é, Àǹtí?"

"Ọrùn ni."

"Ọrùn báwo? Ṣé gẹ̀gẹ̀ ló yọ ni, àbí ọ̀nà ọ̀fun?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Ọrùn ṣáà ni. Ó ní wọ́n ṣe pap fún òun ní ọsibítù."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sọ pap, ògì ló sọ. Bí ọrùn bá wá ń dun ènìyàn, tí ọsibítù sì ń ṣe ògì fún un, kí ló kù tí a ó tún máa bèèrè? Kò lè gbé òkèlè mì mọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Èmi ọmọlúàbí gba ààbọ̀. Ó dé inú mi, ó di odindi. Ṣùgbọ́n odindi ohun mìíràn ló dà.

Mo pe Mojí, àbúrò mi kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ ṣáà wá mú mi lọ sílé." Lójú mi, ohùn tó há yẹn ti jẹ́rìí sí i. Kò sí ohun tó sọ fún mi pé ẹkún ló há a.

Ìyá wa, tí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ní kí a sọ ọ́ sókè. Àǹtí sọ ọ́: "Ọrùn Mojí ni!" Màmá fi igi ìtilẹ̀ wọn lu ilẹ̀. "Lọ mú ọmọ mi wá. A kì í fi ọrùn ẹni sílẹ̀ fún àjèjì."

Bí mo ṣe di ẹrù nìyẹn: oyin, orógbó, àgúnmu ọ̀fun, àti ògì gbígbẹ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fọwọ́ ara wọn sẹ́, tí wọ́n sá, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá ńlá kan.

Lẹ́nu ibodè

Ohun tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú kò tó ìtàn. Ìgbà tí a sọ̀ ni ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó sanra, tó wọ aṣọ ìjọba, ṣí báàgì mi. Ó fa ọ̀rá ògì jáde, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ejò.

"Baba, kí ni funfun yìí?"

"Pap ni."

"Kí lẹ pè é?"

"Pap."

Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o! Baba yìí gbé pap láti Nàìjíríà wá sí South Africa! Eish!" Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan wá gbóòórùn rẹ̀, ó fa imú sẹ́yìn. "Baba, ó ti kan."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Tiwa kì í kan."

"Tiyín kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà nìyẹn."

Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé pé àbúrò mi ni kò yá, pé ọrùn ló ń dùn ún, pé ògì yìí nìkan ló lè gbé mì, ẹ̀rín tán lójú gbogbo wọn. Obìnrin náà dá ọ̀rá padà fún mi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún mi, ó fi òsì di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mú, ó sì tẹ eékún díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ràn àlejò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Èmi, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé kí mi bí ọmọ tí a kọ́ nílé.

Midrand

Délé, ọkọ Mojí, ló wá gbé mi. Ẹnjiníà ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bí omi òjò. Lọ́jọ́ yẹn kò sọ púpọ̀. Nígbà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rọ́bọ́ọ̀tì kejì yìí la ó ti yà," mo na ọrùn títí, mò ń wá ènìyàn onírin tó máa dúró lójú títì. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Mo bú sẹ́rìn-ín. Délé rẹ́rìn-ín ààbọ̀, ó sì yà.

Ògiri ni Midrand, ibi tí wọ́n ń gbé. Ògiri lẹ́yìn ògiri, wáyà tó ń gbé iná lórí rẹ̀, àti géètì tí ń dá ṣí fúnra rẹ̀. A kọjá ilé tó pọ̀, ẹnì kan kò sọ fún wa pé ẹ kú ìrìn.

Mojí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e dìde, ọrùn rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ wò. Ó ń dán. Kò wú, kò pupa, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ àfi ẹ̀gbà wúrà tí ìyá wa fún un nígbà ìgbéyàwó.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìṣù funfun ńlá kan tó le bíi túwó, ẹran tí wọ́n sun, ata tòmátì pẹ̀lú àlùbọ́sà, àti ẹ̀fọ́. Mo bèèrè orúkọ ìṣù náà.

"Pap ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

Mo wò ó, mo wo ọ̀rá tó wà nínú báàgì mi. Mo wá rí i tí àbúrò mi tí kò lè gbé nǹkan mì bu òkèlè, ó fi run ata tòmátì, ó gbé e mì gbìn-ín! Ẹnu yà mí.

"Mojí, o ń gbé e mì?"

"Kí ló dé tí mi ò ní gbé e mì?"

Nǹkan mìíràn ni mo tún rí. Abọ́ tirẹ̀ dá wà ní ìgbẹ̀yìn tábìlì. Wọ́n lẹ páálí pupa mọ́ ife rẹ̀. Tèmi, ọmọbìnrin rẹ̀, na ọwọ́ sí ẹran inú abọ́ ìyá rẹ̀, bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe.

"Má fọwọ́ kàn án!" Mojí gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Sorry, Mummy," ni ọmọ náà wí, omi sì lé sí i lójú.

Kí n lè bá wọn tún afẹ́fẹ́ ilé ṣe, mo lọ gbé ọ̀rá ògì wá, mo gbé e ka orí tábìlì. "Pap tìrẹ gan-an nìyí. Èyí tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ kùn. Bí ọrùn bá ń dun ènìyàn, èyí ló ń rọ̀ ọ́ lọ́fun."

Délé wo ọ̀rá. Mojí wo ọ̀rá. Ẹ̀rín mú un, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú gbogbo wa. Délé ní kí Tèmi lọ sí yàrá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, pap yẹn kì í ṣe oúnjẹ. Àyẹ̀wò ni. Wọ́n máa ń fi nǹkan bíi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbo ara obìnrin nínú lọ́hùn-ún, wọ́n á wá wò ó bóyá àrùn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀."

"Nínú ọrùn?"

"Nínú ọrùn ilé-ọmọ."

Ẹ ṣàánú mi. Ọkùnrin tó ti pàlọ́ fún ọmọ gbogbo àdúgbò ni mí, mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìjàpá nílùú gbogbo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ni mo jókòó tí mo rò ó pé ilé-ọmọ ní ọrùn.

"Àǹtí sọ fún mi pé ọrùn ni."

"Odindi ni mo sọ fún Àǹtí," ni Mojí wí.

Mo wá rí àwọn àpótí tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti di ẹrù. Dókítà ti ní ibi kan lára ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ ń yí padà, wọ́n sì ti dá Ọjọ́bọ̀ fún un láti wá gé ibẹ̀ kúrò kó má baà di jẹjẹrẹ. Mojí fẹ́ kí a ti lọ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ni Délé wí. "Mo ti bẹ̀ ẹ́ sú."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe nílé pẹ̀lú rẹ̀?" ni mo bi í.

Ó na ìka sí ètè rẹ̀. "Ohun tó ń fà á wà níbí náà, Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ń ṣe ìwádìí kan ní ọsibítù, wọ́n ní kí n fi omi fọ ẹnu dé ọ̀fun kí n tu ú sínú ife. Wọ́n rí i lẹ́nu mi náà. Ó wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Kí ni wọ́n ó gé, kí ni wọ́n ó fi sílẹ̀? Ọmọ tí mo fi ẹnu yìí kọ orin fún, tí mo fi ẹnu yìí fẹ́ oúnjẹ fún! Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ti ìyá mi."

Lórí bẹ́ǹṣì

Mo ní n kò ní mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan tí n kò bá fojú kan dókítà náà. Èyí tí mo gbé wá láti ilé gẹ́gẹ́ bí odindi ti já sí ààbọ̀. N kò fẹ́ tún gbé òmíràn padà.

Obìnrin ló kún ọ̀nà àbákọjá ọsibítù náà. Ìyá arúgbó kan tó de ìborí sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. "Sawubona, Baba," ni wọ́n wí. Mojí sọ fún mi pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a rí ọ. Àwa máa ń kí iṣẹ́, a máa ń kí oòrùn, a máa ń kí ìjókòó. Níbẹ̀, wọ́n rí ọ, ìyẹn tó ìkíni. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọkọ rẹ̀ ni ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ọkọ rẹ̀ nìyí."

"Ọkùnrin méjì! Lórí bẹ́ǹṣì yìí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Shap, ó dáa. Ẹ jókòó."

Ọmọ Èkìtì ni dókítà, obìnrin tí kò tíì dàgbà tó Mojí. Nígbà tó gbọ́ èdè lẹ́nu mi, ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ìyẹn gan-an ló kó o sí wàhálà, nítorí bí a bá ti kúnlẹ̀ kí ènìyàn tán, àwọn ọ̀rọ̀ kan a máa ṣòro sọ sí i.

"Fáírọ́ọ̀sì kan ni, sà. HPV là ń pè é. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé àwọn ní i, ara wọn á sì lé e lọ. Níbi tí kò bá lọ ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn ilé-ọmọ padà. Ti ẹ̀gbọ́n mi yìí kò tíì di jẹjẹrẹ. Ìdí tí a fi fẹ́ tètè gé ibẹ̀ nìyẹn."

"Ọ̀nà wo ló ń gbà wọlé?"

"Ìbálòpọ̀ ni, sà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà."

"Ìyẹn yé mi. Báwo ló wá ṣe dé ẹnu?"

Ó wúkọ́. Ó wo àjà. "Ó lè bá ìfẹ́ dé ibẹ̀, sà."

"Ìfẹnukonu?"

"Bóyá ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n... ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ báwo?"

Mojí fi ìborí bo ojú. Dókítà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Àwọn lọ́kọláya mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi ẹnu ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin mọ̀ pé ibòmíràn ló ń ṣe é."

Mo gbọ́ ọ, kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà etí mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá wọlé, mo dìde dúró.

"Ẹnu? Ẹnu tí wọ́n fi ń gbàdúrà?"

"Ẹnu yẹn náà ni, sà."

Mo wo Délé. Délé ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á.

Mo padà jókòó. Ọ̀rọ̀ tó wá wà lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé wa máa kọ́kọ́ bi mí, mo sì bi í: ta ló kó o wá fún ta ni?

"Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́," ni dókítà wí, ojú rẹ̀ sì le. "Ó lè ti dákẹ́ sí ara ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó pàdé rárá. Ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́bi níbi yìí, òfo ni yóò fà jáde."

Délé gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí i pé ìbéèrè yẹn ló ti pa á lẹ́nu mọ́ láti ibodè.

"Ṣé láti ẹnu ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọrùn ìsàlẹ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yà tó wà lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin kan tó ní i nísàlẹ̀ máa ń ní i lẹ́nu náà, ọ̀pọ̀ kì í ní. Àwa fúnra wa ṣì ń wá okùn tó so méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìwádìí. Ti ẹnu, ara sábà máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. A ó máa ṣọ́ ọ, torí èyí tó bá kọ̀ láti lọ lè ba ọ̀fun jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la."

"Ó dáa. Ọ̀fun tí mo gbé àgúnmu rẹ̀ wá kì í wá ṣe irọ́ pátápátá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kì í ṣe irọ́, sà. Ṣùgbọ́n àgúnmu kọ́ ni oògùn rẹ̀."

"Ife ńkọ́? Ṣíbí ńkọ́? Kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ jẹun ńkọ́?"

Dókítà yíjú sí Mojí. "Ta ló ní kẹ́ ẹ dá abọ́ yín sọ́tọ̀? Ọ̀nà tó ń gbà ràn kọ́ nìyẹn. Ẹ lọ bá ọmọ yín jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́ ẹ sì wá ní Ọjọ́bọ̀."

Ife onípáálí pupa

Nígbà tí a délé, àwọn àpótí náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ ohun tó sọ," ni Mojí wí. "Ara mi ni kò tíì gbọ́."

N kò bá a jiyàn. Mo wọ ilé ìdáná, mo po ògì Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo da omi gbígbóná lé e, mo rò ó títí ó fi dì. Ife onípáálí pupa yẹn gan-an ni mo bù ú sí. Mojí mu díẹ̀, ó ń wò mí. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tó ti fi ẹnu kàn án ni mo fi ẹnu tèmi kàn, mo sì mu.

"Bọ̀ọ̀dá mi!"

"Ṣúgà ló kù."

Tèmi ti yọ orí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Can I have some?"

Mo gbé ife náà fún ìyá rẹ̀ padà, n kò gbé e fún ọmọ. Mojí dì í mú. Ó wo ibi tí mo ti fi ẹnu kàn án. Nígbà tó yá, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Tèmi gbé e sẹ́nu, ó fún ojú pọ̀.

"Eish! It's sour!"

Délé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì bá a rín in. Mo ní, "Mojí, ọrùn ni Màmá rán mi wá tọ́jú. Wọn kò mọ irú ọrùn tó jẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni. Bí mo bá gbé ọ délé láì tọ́jú rẹ̀, mo ti jẹ́ iṣẹ́ wọn láàbọ̀ nìyẹn."

Mojí fa páálí pupa náà ya kúrò lára ife. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Délé ti gbé àwọn àpótí padà sí yàrá.

Ní Ọjọ́bọ̀, àkókò tó gbà wọ́n kò tó èyí tí a fi ń di irun orí kan tán. Mojí jáde, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó di ọwọ́ Délé mú. Nígbà tí èsì ibi tí wọ́n gé dé, kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kó máa wá fún àyẹ̀wò, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀.

Odindi

Ó wá ku ìpè sílé. Wọ́n fi fóònù sí gbangba ní pálọ̀ wa ní Ìbòkun, gbogbo ilé sì pé jọ. Mo sọ odindi.

"Ọrùn ilé-ọmọ ni. Wọ́n ti gé ibi tó fẹ́ bàjẹ́ kúrò. Ara rẹ̀ ń yá."

Mo gbọ́ ohùn Màmá: "Kí ló wí?"

Ó di dandan kí ẹnì kan sọ ọ́ sókè. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wúkọ́, wọ́n yíra padà, wọ́n wá kígbe rẹ̀ sí etí Màmá, gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ó ní ọrùn ilé-ọmọ ni!"

"Kí ló wá dé tí ẹ̀ ń wo ara yín?" ni Màmá wí. "Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni gbogbo yín gbà wáyé ni?"

Nígbà tó ṣe díẹ̀, fóònù mi tún dún. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni, àwọn nìkan. Ohùn wọn kéré.

"Káyọ̀dé, pap yẹn... ṣé wọ́n ń ṣe é ní Iléṣà níbí?"

"Wọ́n ní láti máa ṣe é, Àǹtí. Ta ló fẹ́ ṣe é?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Nǹkan oṣù tó ti fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti padà dé. Mo rò pé bí n kò bá pè é lórúkọ, á lọ."

Mo rántí àpótí onígi. Mo rántí aṣọ tí wọ́n ká lé e. Níwájú géètì Délé tí mo ti ń gba ìpè náà, mo jókòó sílẹ̀ lórí títì ní Midrand, níbi tí ẹnì kan kì í ti í jókòó sílẹ̀. Mo ti fo òkun àti igbó kọjá, mo ti gbé ògì lọ fún ẹni tó ń jẹ ẹran, nígbà tí ẹni tó kùn ún fún mi ń fi ọwọ́ kan ọrùn tara wọn, tí wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Mo ti padà dé báyìí. A ti gbé Àǹtí lọ sí Iléṣà, èmi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a sì ń retí èsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bi ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ìwọ tó ní ìyá, tó ní àǹtí, tó ní aya nílé: ta ló ti sọ fún ọ pé "ọrùn ni," tí ìwọ kò sì tíì bi í pé, ọrùn kí ni?